Kìlómítà 31 láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lórí òkè Porlock

Kọ́nà àkọ́kọ́ lórí òkè Porlock, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti fi kẹ̀kẹ́ ṣubú. Mọ́tò kò gbá mi, òkúta kò sì kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo tẹ pẹ́dà, pẹ́dà ò lọ mọ́, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi lábẹ́ mi. Kí n tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tẹrù-tẹrù, ìgbọ̀nwọ́ mi ti bó, ṣéènì sì ti há sáàárín gíà ẹ̀yìn àti sípóòkù táyà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni.

Mo fẹ́ kọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ sílẹ̀ kínníkínní, torí pé àwọn ọmọ wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pọ̀ sí i, ìmọ̀ràn tí wọ́n sì ń gbà lẹ́nu ara wọn lórí ọ̀rọ̀ òkè kò dára. "Má sọ̀ kalẹ̀ o" ni wọ́n máa ń wí. Ẹni bá sọ̀ kalẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọn a ní ojú ti tì í. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Mi ò tún ní sọ ọ́ mọ́.

Àwa méjì la wà lọ́nà, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé ìlú kan náà. A kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì ló pa wá pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọdún mọ́kàndínlógún jù mí lọ, "Ẹ̀gbọ́n" ni mo sì ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ọmọ Èkìtì lèmi, láti Ẹ̀fọ̀n Alààyè, níbi tí òkè ti yí ilé ká bí ọgbà. Mo mẹ́nu bà á torí pé ó wà lára ohun tó kó bá mi. Lójú tèmi, òkè kì í ṣe àjòjì sí ẹni tó ti ń ru omi gun òkè láti kékeré.

Ètò wa ni pé ká gbéra ní Bristol, ká máa tẹ̀ lé etíkun àríwá Somerset, Devon àti Cornwall títí dé Land's End, níbi tí ilẹ̀ England ti parí sínú òkun níhà ìwọ̀-oòrùn. Oṣù Karùn-ún ni. Ọjọ́ kìn-ín-ní, a dé Bridgwater. Ọjọ́ kejì, a dé Minehead. Somerset Levels la gbà kọjá, ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò fi mítà mẹ́wàá ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ kò bá wa jà, ẹrù kò sì wúwo lójú mi. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo kọ ìlú Ilfracombe sílẹ̀ fún ọjọ́ kẹta, nǹkan bíi kìlómítà 60. Ó kéré sí ohun tí a ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì rò pé a ó débẹ̀ kí oòrùn tó yí.

Ẹ̀gbọ́n wo máàpù náà pẹ́. Wọ́n fi ìka tọ àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe ga hàn, àwọn tó sún mọ́ra bí ilà àbàjà létí òkun yẹn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ọ̀la ò ní rí bí òní o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Etíkun tí a mọ̀ nílé ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Láti Badagry dé Èkó, láti Èkó dé Lẹ́kì, yanrìn ni, ọ̀sà ni, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Bí ẹnì kan bá ní òun ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá òkun, ohun tó máa wá sí wa lọ́kàn ni pé kò sí òkè níbẹ̀. Exmoor, ilẹ̀ olókè tí a fẹ́ gbà kọjá lọ́jọ́ kẹta, kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, òkè ló lọ pàdé òkun tààrà, àwọn odò kéékèèké sì ti gé òkè náà bí ìgbà tí wọ́n bá gé iṣu sórí àwo. Ibi tí odò bá ti wọ òkun ni abúlé ń wà. Láti abúlé kan dé ìkejì, ọ̀nà gbọ́dọ̀ gòkè, kó tún sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé odò mìíràn. Great Hangman, tó wà níwájú wa lẹ́yìn Lynton, ga ní mítà 318, òun sì ni òkè tó gé bọ́ sínú òkun tààrà tó ga jù ní gbogbo England. Ẹni tó bá ka kìlómítà nìkan lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì ka nǹkan kan.

Òkè Porlock ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà A39 lágbègbè yẹn. Abúlé Porlock wà nísàlẹ̀ níbi tí òkun kò jìnnà sí. Lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn, ọ̀nà yí sápá òsì, ó yí sápá ọ̀tún, ó sì dìde. Orí òkè náà wà ní nǹkan bíi mítà 400 sókè òkun, ibi tó le jù níbẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin: bí o bá rin mítà mẹ́rin, o ti gòkè mítà kan. Wọ́n ti ṣe ojú ibì kan tí wọ́n da yanrìn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún mọ́tò tí búréèkì rẹ̀ bá kọ̀ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, kó lè wọ inú rẹ̀ kó rì síbẹ̀ kó sì dúró. Mo rí yanrìn yẹn. Kò sọ ohunkóhun fún mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló jáde ní Porlock. Èkejì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ tí ìdílé onílẹ̀ ibẹ̀ là gba inú igbó. Ó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ, ó tó máìlì mẹ́rin àti díẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà méje, ó ń yí lọ ó ń yí bọ̀ lábẹ́ igi, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bíi ìdá kan nínú mẹ́rìnlá lọ. Orí òkè kan náà ni àwọn méjèèjì já sí.

Ẹ̀gbọ́n yà síbẹ̀, wọ́n sì san owó ojú ọ̀nà. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká jọ lọ. Mo ní rárá, mo fẹ́ gun òkè náà fúnra rẹ̀, a ó pàdé lókè. Wọ́n wò mí, wọn ò bá mi jiyàn. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́" nìkan ni wọ́n sọ, wọn ò parí òwe náà, wọ́n wọ inú igbó lọ. Mo rántí pé mo rò lọ́kàn mi pé màá ti jókòó lókè fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó dé.

Kẹ̀kẹ́ wa nìyí. Tèmi jẹ́ kẹ̀kẹ́ eléré ìje tí mo so irin ẹrù mọ́ lẹ́yìn. Gíà iwájú tó kéré jù lára rẹ̀ ní eyín 34, gíà ẹ̀yìn tó tóbi jù sì ní eyín 28. Àpò méjì ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú àgọ́ lórí wọn, kílò 19 lápapọ̀. Iwájú kò ní ẹrù kankan. Ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ti pẹ́, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, mo sì ti fojú di í ní ilé. Eyín 22 ló wà níwájú rẹ̀, eyín 34 lẹ́yìn. Ẹrù wọn kò tó tèmi, wọ́n sì pín in, díẹ̀ níwájú, díẹ̀ lẹ́yìn.

Oúnjẹ àárọ̀ mi ni bíbẹ́ búrẹ́dì méjì àti tíì kan. Ara mi ń yá gágá láti lọ ni mi ò fi jẹun tó. Ẹ̀gbọ́n jẹ òótì, wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, wọ́n sì fi búrẹ́dì lé e. Mo dúró dè wọ́n níta, tí mò ń wo aago.

Bí mo ṣe wọ ibi gíga náà, mo ti wà ní gíà tó rọ̀ jù tí mo ní, ọwọ́ mi sì ṣì ń wá òmíràn. Mo dìde dúró lórí pẹ́dà. Èyí fa ìṣòro kejì: gbogbo ẹrù wà lẹ́yìn, nítorí náà bí mo ṣe ń fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́, táyà iwájú ń gbéra kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò sì gbọ́ràn mọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ yí i. Ní kọ́nà, inú kọ́nà náà ga ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo sún mọ́ inú. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ ọwọ́ gíà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gbogbo agbára lórí pẹ́dà, bóyá gíà kan ṣì kù. Kò sí gíà kankan. Ṣéènì fò kúrò lórí eyín, mo sì ṣubú.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi yọ ṣéènì náà. Mo ní láti tú gbogbo ẹrù sílẹ̀, kí n dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, kí n máa fi ìka fà á ní eyọ kọ̀ọ̀kan. Gírísì dúdú bo ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ mi ń kán sára ríìmù. Obìnrin òyìnbó kan dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, ó ní ṣé kí òun gbé mi dé orí òkè, pé ààyè wà lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Títí di òní, ó ń dùn mí pé mo dá a lóhùn báyẹn. Ó fi inú rere dúró níbi tó léwu fún òun náà.

Mo gbìyànjú láti tún gùn. N kò lè bẹ̀rẹ̀. Lórí irú ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn, kí ẹsẹ̀ kejì tó dé orí pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ ti ń padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Títì gan-an kì í ṣe ìsinmi: bàtà mi ń yọ̀, ọwọ́ mi wà níwájú, ẹ̀yìn mi tẹ̀, mo ń rin ogún ìgbésẹ̀, mo ń di búréèkì méjèèjì mú, mo ń mí, mo tún ń rin ogún mìíràn. Nígbà tó yá, ogún di mẹ́wàá.

Láàárín ìgbà yẹn ni nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀. Òógùn mi tutù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta kan, mo fẹ́ ka iye ìgbésẹ̀ tí mo ti rìn, iye náà sọnù lórí mi. Ẹkún ń gbọ̀n mí láìsí ìdí. Èmi tí mo mọ ara mi sí ẹni tí kì í tètè bínú, mo bá àgùntàn kan sọ̀rọ̀ burúkú torí ó wà lójú ọ̀nà. Ebi ni. Àwọn tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ jìnnà mọ̀ ọ́n: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀, èyí tí ẹran ara tò pa mọ́ ti ń tán, ọpọlọ ló sì kọ́kọ́ ń pariwo. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹsẹ̀. Bí o bá sinmi láì jẹun, kò ní lọ.

Lẹ́yìn tí mo padà délé ni mo jókòó ti ìwé àti kálámù, tí mo ṣírò òkè náà. Ó yẹ kí n ti ṣe é kí n tó kúrò nílé. Èmi, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù, kílò 108 ni wá. Pẹ̀lú eyín 34 níwájú àti 28 lẹ́yìn, tí mo bá yí pẹ́dà ní yíyí kan, kẹ̀kẹ́ á lọ síwájú bíi mítà méjì àti ààbọ̀. Lórí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn ni pé yíyí kan gbé kílò 108 sókè ní sẹ̀ǹtímítà 62. Ẹ rò ó báyìí: àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti díẹ̀ lé e, ẹ gbé e láti ilẹ̀ kọjá orúnkún, ìyẹn yíyí kan. Ẹ tún gbé e. Ẹ tún gbé e. Agbára tó ń jáde lára ẹni bíi tèmi láìdáwọ́dúró kò lè yí pẹ́dà bẹ́ẹ̀ ju bíi ìgbà méjìdínlógún lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n ìyára rẹ̀ kò sì tó kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí. Kẹ̀kẹ́ kì í dúró lórí táyà rẹ̀ dáadáa ní irú ìyára yẹn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an yára jù ú lọ. Kò sí èrè kankan tí mò ń jẹ lórí ìjókòó yẹn tí n kò lè rí nílẹ̀.

Ẹ wá wo ti Ẹ̀gbọ́n. Pẹ̀lú eyín 22 àti 34, lórí ọ̀nà inú igbó náà, yíyí kan gbé wọn sókè ní ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá! Ìlàjì agbára tí mò ń lò tó wọn láti máa yí ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Gíga tí àwa méjèèjì gùn kò yàtọ̀, ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bù ú jẹ.

Ti oúnjẹ pẹ̀lú. Láti gbé kílò 108 dé mítà 400, tí a bá fi kún un pé ẹran ara ènìyàn ń fi bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ṣòfò sí ooru, òkè kan ṣoṣo yẹn gba kálórì tó lé ní 400. Búrẹ́dì méjì àti tíì kò tó 300. Mo ti jẹ gbèsè kí n tó gòkè rárá, tí a kò tíì ka kìlómítà mọ́kànlá tí mo gùn láti Minehead.

Nígbà tí a dé ìlú Barnstaple lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn sí èyí tó ní eyín 34, wọ́n ní láti pààrọ̀ apá tó ń ta ṣéènì náà kó tó gbà á. Mo tún fi kílò márùn-ún ránṣẹ́ sílé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti lẹ́yìn.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ti bọ́ bàtà. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti dúró níbi mẹ́ta lójú ọ̀nà, wọ́n ti wo òkun láàárín igi, wọ́n ti ya fọ́tò, síbẹ̀ wọ́n dé ṣáájú mi pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Wọn ò bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Jókòó." Wọ́n tú àpò wọn, wọ́n mú ìdérí ìkòkò jáde, wọ́n da gàrí sí i. Gàrí Ìjẹ̀bú ni, èyí tó kúná, tó kan, tí wọ́n ń gbà láti ilé. Wọ́n da ṣúgà lé e, ó pọ̀ débi pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n dákẹ́. Wọ́n bu omi tútù sí i láti inú ìgò wọn, wọ́n fọ́n ẹ̀pà lé e lórí. Afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn ń fẹ́ gàrí gbígbẹ láti etí ìdérí náà, mo fi ara dí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí ń lu eyín mi. Mo gbọ́ bí ẹ̀pà ṣe ń fọ́ lẹ́nu mi, mo sì gbọ́ òórùn omíkan gàrí náà, mo sunkún díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì yíjú sí òkun títí mo fi parí rẹ̀. Wọ́n tún po òmíràn. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, àwọ̀ padà sí ayé. Mo rí i pé orí òkè náà lẹ́wà, pé òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò wà káàkiri, pé ilẹ̀ Wales hàn lódìkejì omi. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé.

Kò sí oúnjẹ ìrìn àjò tó dà bíi gàrí. Kò wúwo, kì í bàjẹ́, kò nílò iná. Ẹni tó bá ń lọ jìnnà, kó má fi í sílẹ̀ nílé torí pé ojú ń tì í.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìtàn ọkọ̀ Louisa fún mi. Wọ́n ti kà nípa rẹ̀ kí a tó gbéra. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1899, ìjì mú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Forrest Hall lẹ́bàá Porlock Weir, èbúté kékeré tó wà nítòsí abúlé Porlock. Louisa ni ọkọ̀ ìgbanilà tó wà ní Lynmouth, abúlé etí òkun tó wà níwájú wa, ṣùgbọ́n ìgbì pọ̀ jù, kò lè jáde níbẹ̀. Ni àwọn ará Lynmouth bá pinnu pé àwọn yóò gbé ọkọ̀ náà gba orí ilẹ̀ lọ sí Porlock, máìlì 13, láàárín òru, nínú òjò. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn àti ẹṣin bí ogún ló fà á gun òkè Countisbury. Níbi tí ọ̀nà ti fún jù, wọ́n gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e, wọ́n to pákó sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ lórí rẹ̀, nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà gba ibòmíràn. Ní òkè Porlock, wọ́n fi okùn dá a dúró bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n ní láti wó lára ògiri kan kó tó rọ́nà kọjá. Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí wọ́n tì í sómi, láì sùn, láì sinmi, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ. Kò sí ẹnì kan tó kú nínú àwọn tó wà nínú Forrest Hall. Àwọn ẹṣin kan kú nínú àárẹ̀ ọjọ́ náà, mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àwọn yẹn mọ iṣẹ́ òkè. Ibi tó yẹ kí wọ́n tú ẹrù, wọ́n tú u. Ibi tó yẹ kí wọ́n sọ̀, wọ́n sọ̀."

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí koríko náà, mo ní ẹ máà bínú, sà. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n wọ bàtà wọn.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà ń lọ lórí òkè fún ìgbà pípẹ́, ó ń dìde ó ń rẹlẹ̀. A kọjá County Gate, níbi tí Somerset ti fi ọwọ́ kan Devon, ní mítà tó lé ní 300 sókè òkun. Afẹ́fẹ́ dojú kọ wá, a ń pààrọ̀ ara wa níwájú. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa wákàtí méjì yẹn. A ń jẹun ní gbogbo ìdajì wákàtí, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe pàṣẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, ṣin-ṣin.

Countisbury ni ewu kejì, tí mi ò sì ní fojú di í mọ́. Láti abúlé náà, A39 já bọ́ sí Lynmouth lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè etí òkun. Òkun wà lápá ọ̀tún rẹ nísàlẹ̀ gan-an, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì le bíi ti Porlock níbì kan. Búréèkì tèmi jẹ́ irú èyí tó ń fi rọ́bà di ríìmù mú. Kílò 108 tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti mítà 300, tí kò fẹ́ sáré, gbogbo agbára yẹn ń di ooru lára ríìmù, ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti hó lítà omi kan. Ẹ̀gbọ́n ní ká sọ̀ ká máa ti kẹ̀kẹ́ níbi tó le jù, ká sì dúró níbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la dúró. Níbi ìkẹta, mo gbọ́ òórùn rọ́bà, mo fi ìka kan ríìmù ẹ̀yìn, mo yára fà á kúrò. Ìka náà pọ́n, ó wú ní alẹ́. Táyà lè bẹ́ nínú irú ooru yẹn. A jókòó sórí ògiri títí ó fi tutù. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò wo aago.

A dé Lynmouth ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Abúlé kékeré tó dára ni, níbi tí odò East Lyn àti West Lyn ti pàdé kí wọ́n tó wọ òkun. Ojú odò náà fẹ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ púpọ̀, tí èèyàn á fi ní kí ló dé. Lóru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1952, òjò ńlá rọ̀ sórí Exmoor, omi náà sì já wálẹ̀ láti orí àwọn òkè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, pẹ̀lú òkúta àti igi, ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn 34. Wọ́n tún ojú odò náà là, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Gíga tó mú wa lẹ́mìí láàárọ̀ náà ló fún omi yẹn ní agbára. Mo dúró lórí afárá náà fún ìgbà díẹ̀.

Kìlómítà 31 ni gbogbo ohun tí a rìn. Ilfracombe ṣì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Láti Lynmouth dé Lynton, òkè tó wà lórí rẹ̀ gan-an, ọ̀nà mọ́tò tún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ rélùwéè."

Rélùwéè orí òkè náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1890. Kò lo ẹ́ńjìnnì, kò lo iná mànàmáná. Ọkọ̀ méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wáyà kan so wọ́n pọ̀, táńkì omi gálọ́ọ̀nù 700 sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pọn omi odò West Lyn sínú táńkì tó wà lókè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á tú omi tirẹ̀ dànù títí tòkè á fi wúwo jù ú. Tòkè á wálẹ̀, tìsàlẹ̀ á gòkè, nǹkan bíi mítà 150 sókè, lórí irin tó dàgẹ̀rẹ̀ bí àkàbà tí a gbé ti ògiri.

Wọ́n gbà kí a gbé kẹ̀kẹ́ wọlé. A tú ẹrù, a tò wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú, èmi di tiwọn. Ọkùnrin tó wà nídìí búréèkì ju ọwọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ lókè, ó ṣí omi, a sì gbọ́ bó ṣe ń dà hooo lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, omi funfun tó ń ṣàn lọ láàárín òkúta. Kò sí ariwo mìíràn. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kúrò lábẹ́ wa, jẹ́jẹ́. Òrùlé ilé, afárá, ẹnu odò, òkè Countisbury lódìkejì pẹ̀lú ọ̀nà tí a gbà wá, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ta ló ń gun òkè báyìí?"

Mo ní, "Omi ni, sà."

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a jáde sí Lynton, a sì ti àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ wá ibi tí a ó pàgọ́ sí.